Orúkọ Tí Mo Pè Lẹ́ẹ̀mẹta

Iṣẹ́ orúkọ pípè ni mò ń ṣe. Láti aago méje àárọ̀ títí di aago mẹ́ta ọ̀sán ni mo máa ń jókòó sẹ́yìn wíńdò kékeré kan ní ọsibítù, níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì, tí màá máa fi ohùn tó ti há pe àwọn aláìsàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Òfin wa ni pé ẹ̀ẹ̀mẹta là ń pe èèyàn. Bí kò bá dáhùn lẹ́ẹ̀kẹta, káàdì rẹ̀ á lọ sísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ má bínú tí mi ò bá dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ìtàn yìí. Orúkọ ti sú mi.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo pe bàbá kan lẹ́ẹ̀kan, mo pè é lẹ́ẹ̀kejì, kò sẹ́ni tó dáhùn. Bí mo ṣe fẹ́ lanu pè é lẹ́ẹ̀kẹta ni ọkùnrin kan sáré wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó fi ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́fà tí wọ́n ti lọ̀ dáadáa kọ́ èjìká.

"Ẹ jọ̀ọ́, màmá, ẹ má tíì gbé e sísàlẹ̀! Bàbá mi ni. Wọ́n lọ tọ̀ ni."

"Ta ni màmá ẹ?"

Ó wò mí dáadáa. "Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí."

"Ìyẹn náà ò tíì dáa."

"Ẹ jọ̀ọ́, arábìnrin tí inú ń bí láàárọ̀ kùtù."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Mi ò lè sọ ìgbà tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn lẹ́yìn wíńdò yẹn.

Alágbàfọ̀ ni. Oníbàárà kan ń dúró de ṣẹ́ẹ̀tì, bàbá rẹ̀ sì ń dúró de ẹ̀rọ. Kíndìnrín bàbá náà ti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà sọ fún mi pé, "Èmi ń fọ aṣọ, wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ bàbá mi. Omi ò lè tán nínú ọ̀rọ̀ wa." Ó sọ ọ́ bí àwàdà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó rí i pé bírò ti yọ́ sí àpò yúnífọ́ọ̀mù funfun mi.

"Ẹ bọ́ ọ fún mi," ló wí.

"Kí n bọ́ kí ni?"

"Háà! Nílé yín ni mo ní lọ́kàn o! Ẹ bọ́ ọ nílé, kí ẹ fi ránṣẹ́! Ọlọ́run, gbà mí."

Àwọn aláìsàn tó wà lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó dá yúnífọ́ọ̀mù náà padà, ẹ ò lè mọ̀ pé bírò kankan dé ibẹ̀ rí. Láti ìgbà náà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń jí láìsí pé ẹnikẹ́ni jí mi.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí nígbà yẹn. Mo ti gbà lọ́kàn ara mi pé ọ̀rọ̀ ọkọ ò sí nínú ìwé tèmi. Àwọn tí a jọ kàwé ti ń wá ọkọ fún ọmọ, èmi ṣì ń bá bàbá mi se oúnjẹ. Bàbá mi, káfíńtà ni, alàgbà ni nínú ìjọ wa, ìyá mi ti kú tipẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé káàdì dání lódìkejì nígbà tí Alágbàfọ̀ dúró níwájú wíńdò mi lọ́sẹ̀ keje.

"Olóhùn mi," ló wí. Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn. "Mo ti ń gbọ́ bí o ṣe ń pe orúkọ gbogbo ayé. Mo fẹ́ kí o wá jẹ́ orúkọ tèmi."

"Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn láàárín èrò."

"Èrò ò gbọ́. Àìsàn ń ṣe wọ́n."

"A gbọ́ o!" ni ìyá àgbà kan pariwo láti orí bẹ́ǹṣì. "Dá a lóhùn, kí ó lè kúrò lójú wíńdò!"

Mo ní mo gbà. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi pe ẹnì kan náà lẹ́ẹ̀márùn-ún.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tẹ̀ lé wọn wá. Obìnrin náà wò mí látòkè délẹ̀ bí ẹni ń wo ẹran tó fẹ́ rà, ó wá yíjú sí bàbá wọn. "Alága, ẹ dìde, wọ́n ti pè yín."

Alága. Bírò bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìlú wa ti pín sí méjì nígbà náà, kò sì tíì so pọ̀ dòní. Ẹgbẹ́ òṣèlú àtùpà wà, ẹgbẹ́ òṣèlú àkàbà wà. Ilé pín, ọjà pín, ìjọ Ọlọ́run náà pín. Ìjọ tiwa, ti àtùpà ni. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sára ògiri, ṣùgbọ́n tí o bá wọ aṣọ àkàbà wọlé, ìwọ nìkan ni yóò jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà ìbò tó kọjá, àlùfáà wa gbàdúrà fún olùdíje àtùpà látorí pèpééle. Kí ìsìn tó parí ni àwọn ọmọ àkàbà dé, wọ́n sì fi òkúta fọ́ gbogbo fèrèsé. Òkúta kan wọ ojú ọ̀tún bàbá mi. Ojú náà kú. Gbogbo ìlú ló mọ ẹni tó rán wọn: alága ẹgbẹ́ àkàbà, tí ojú rẹ̀ rọ̀bọ̀tọ̀ wà lára gbogbo ògiri. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ mìíràn fún un ju Alága lọ.

Orúkọ àbísọ rẹ̀ ló wà lára káàdì. Àìsàn sì ti fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé débi pé ìyá tó bí i lè má dá a mọ̀. Oṣù méjì gbáko ni mo ti ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ pe ẹni tó fọ́ ojú bàbá mi.

"Mo rò pé o mọ̀," ni Alágbàfọ̀ wí nígbà tí mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mi ò mọ̀. Ìwọ náà, ṣé o mọ ojú ẹni tí wọ́n fọ́ lọ́jọ́ yẹn?"

"Káfíńtà kan ni wọ́n ní..." Ó rọra jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn aláìsàn. "Yéè! Olóhùn mi. Yéè."

Mo padà sẹ́yìn wíńdò mi, mo pe ẹni tó kàn.

Mo ní iṣẹ́ orúkọ kejì tí mi ò tíì sọ fún yín. Àpótí kan wà lẹ́yìn ìjọ wa, bàbá mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án. Ẹni tó bá ní ẹ̀dùn ọkàn yóò kọ ọ́ sínú ìwé pélébé, yóò jù ú síbẹ̀. Èmi ni mò ń kà wọ́n síta ní ọjọ́ Ìsinmi, bí mo bá sì ti ka ọ̀kan tán, ìjọ á dáhùn pé, "Olúwa, gbọ́ tiwa." Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí bàbá mi gbé kọ́kọ́rọ́ àpótí náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹnu lásán lo jẹ́ o. Ohun tí wọ́n bá kọ ni kí o kà. Má yọ nínú rẹ̀, má sì fi kún un."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ yẹn, mo ṣí àpótí. Ìwé kan wà níbẹ̀ tí ọwọ́ tó kọ ọ́ ń gbọ̀n: "Èmi ni Alága. Èmi ni mo rán àwọn tó sọ òkúta. Mò ń kú lọ. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run."

Mo kà á tán, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó rẹ̀ mí lójijì, bí ẹni tó ru omi láti odò tó jìn.

Mo gbé e tọ àlùfáà wa lọ. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ òkúta yẹn, bí ilẹ̀kùn bá dún ó máa ń ta gìrì.

"Ìbò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ mi," ló wí. "Tí o bá ka eléyìí, ìjọ yìí máa tú ká." Ó fọwọ́ nu ojú. "Orúkọ tó ń jẹ́ ní ọsibítù ńkọ́? Ṣé kì í ṣe òun náà ni?"

"Òun ni, sà."

"Kà á bẹ́ẹ̀. Sọ pé ara rẹ̀ ò yá. Ọlọ́run mọ ẹni tí à ń sọ."

Mo pe Alágbàfọ̀ lórí fóònù, ohun kan náà ló sọ. Ọgbọ́n ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọgbọ́n tó dùn ún gbọ́ ni. Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo ka orúkọ àbísọ rẹ̀, mo ní kíndìnrín ń dà á láàmú. Ìjọ dáhùn bí ààrá: "Olúwa, gbọ́ tiwa!" Ohùn bàbá mi ló ròkè jù.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ńṣe ló dà bíi pé mo jí nǹkan. Bí mo ṣe gbójú sókè, mo rí bàbá arúgbó kan tó wé ara rẹ̀ mọ́ inú kóòtù ńlá lẹ́yìn pátápátá. Ó dìde, ó fọwọ́ ti ara rẹ̀ lára ògiri, ó sì jáde.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òun fúnra rẹ̀ ló wá síwájú wíńdò.

"Ọmọ mi, ìwé tí mo kọ kọ́ lo kà."

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, wọ́n gbàdúrà fún yín. Gbogbo wọn pátá ni."

"Wọ́n gbàdúrà fún ẹnì kan tí wọn ò mọ̀." Èémí rẹ̀ ò tó, ó dúró kí ó tó máa bá a lọ. "Èmi ni mo fẹ́ kí wọ́n gbàdúrà fún. Tí wọn ò bá ní gbà, ẹ jẹ́ kí n fi etí ara mi gbọ́ ọ pé wọn ò gbà. Mo ti tún ọ̀kan kọ."

Mo gba káàdì rẹ̀, mo sì fi sókè pátápátá.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Alágbàfọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Aṣọ àtùpà àti aṣọ àkàbà ń fì lórí okùn kan náà, àwọn èèyàn ẹgbẹ́ méjèèjì sì ti bá a jà lórí rẹ̀. Èsì kan náà ló máa ń fún wọn: ìdọ̀tí ò ní ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, kò sí àwàdà lẹ́nu rẹ̀.

"Má kà á," ló wí. "Àwọn àkàbà á sọ pé Bàbá ti tú àṣírí wọn. Àwọn àtùpà á sọ pé ó jẹ́wọ́. Ìwọ lo máa kà á, èmi ni wọ́n máa fọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀."

"Bàbá rẹ ló ní kí n kà á."

"Bàbá mi ń kú lọ! Èmi ni mo ṣì wà láyé!" Ó gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. "Ṣé ìfẹ́ nìyẹn, Olóhùn? Ṣé bí o ṣe nífẹ̀ẹ́ mi nìyẹn?"

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ débi tó ń dùn mí níkùn," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n nígbà tí Jésù ní ká gbàdúrà fún ọ̀tá wa, kò ní ká fi orúkọ mìíràn bò ó mọ́lẹ̀. Mo ti ṣe ọgbọ́n yẹn lẹ́ẹ̀kan. Mi ò lè ṣe é mọ́."

Ó yíjú sí ògiri. "Fi mí sílẹ̀ ná. Jọ̀ọ́, máa lọ."

Mo lọ. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi sunkún, mi ò tiẹ̀ nu omijé náà. Ta ló ń wò mí?

Ó wá ku bàbá mi. Ó ń fá pákó nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta nígbà tí mo wọlé. Ó ti di àṣà rẹ̀ láti máa yí orí kí ojú òsì lè rí iṣẹ́.

"Bàbá, ẹni tí ẹ gbàdúrà kíndìnrín fún ní ọjọ́ Ìsinmi, Alága ni."

Ó fi irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lélẹ̀.

"O fi ẹnu mi ṣẹ̀sín," ló wí.

"Mo ṣẹ̀ yín. Ẹ má bínú. Lọ́la, mo máa ka ohun tó kọ gan-an." Mo wá ronú pé ẹni tó ti tutù ò gbọdọ̀ sá fún òjò mọ́. "Ọmọ rẹ̀ ni mo sì fẹ́ fẹ́, bó bá ṣì fẹ́ mi."

Bàbá mi jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. "Wọ́n ti fọ́ ọ̀kan. Ìwọ ọmọ yìí wá fẹ́ bá wọn fọ́ èkejì."

"Bàbá..."

"Ọdún mẹ́rin! Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń fi ìka wá ìṣó lórí pákó bí afọ́jú! Ṣé ó ti wá bẹ̀ mí? Ṣé ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà mi?"

"Inú àpótí tí ẹ kàn ló wá sí. Ẹ̀yin lẹ ní ẹnu lásán ni mo jẹ́, kí n má yọ, kí n má fi kún un. Ẹ ò sọ pé àyàfi tó bá jẹ́ ọ̀tá wa."

Ó dìde, ó tún mú pákó rẹ̀. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, ó sọ̀rọ̀ láìgbórí sókè. "Tí o bá kà á, má retí mi níbi ìgbéyàwó kankan."

Ọjọ́ Ìsinmi mọ́. Mo ka ti ìyá tí ọmọ rẹ̀ sọnù, mo ka ti ọkùnrin tó ń wáṣẹ́. Ìjọ ń dáhùn. Mo wá mú ìwé rẹ̀. Alága wà lẹ́yìn nínú kóòtù rẹ̀, Alágbàfọ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dorí kodò. Mo kà á bó ṣe kọ ọ́: èmi ni Alága, èmi ni mo rán àwọn tó sọ òkúta, mò ń kú lọ, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run.

Ẹnikẹ́ni ò dáhùn.

Ẹnì kan pòṣé. Bẹ́ǹṣì ń ró, àwọn kan dìde, wọ́n ń jáde. Àlùfáà ṣẹ́jú sí mi pé kí n bọ́ sí ìwé tó kàn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe láyé ò ju kí n pe èèyàn lọ, òfin ibi iṣẹ́ mi sì ni ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo pè é lẹ́ẹ̀kejì. "Alága. Ẹ bá a bẹ Ọlọ́run."

Ọkùnrin kan kígbe pé, "Obìnrin yìí, jókòó!" Ohùn mi ti há. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí bàbá náà tó la ojú sílẹ̀ tó ń retí, bí gbogbo àwọn tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú wíńdò mi. Mo pè é lẹ́ẹ̀kẹta.

"Olúwa, gbọ́ tiwa."

Bàbá mi ni. Kò dìde, kò yíjú. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú, bí ẹni pọ eegun ẹja jáde lọ́fun. Lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin kan dáhùn. Lẹ́yìn obìnrin náà, bóyá èèyàn mẹ́wàá. Ìyókù dákẹ́.

Nígbà tí a ń lọ sílé, mo ní, "Bàbá, ẹ ṣeun."

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo mọ̀ ọ́. O ò ní dákẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú."

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ parí sí ayọ̀. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ àpótí lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n lọ sinmi. Ìdílé mẹ́jọ kúrò nínú ìjọ. Ní ọjọ́ Ajé, àwọn àkàbà da ọ́ìlì dúdú sí gbogbo aṣọ tó wà lórí okùn Alágbàfọ̀, ti ẹgbẹ́ tiwọn pẹ̀lú. Mo gbọ́ ọ níbi iṣẹ́. Bí aago mẹ́ta ṣe lù, mo lọ síbẹ̀, mo bọ́ bàtà, mo kó apá aṣọ sókè, mo jókòó ti ọpọ́n kejì. Kò lé mi. A fọ aṣọ títí ọwọ́ mi fi bó.

Ọjọ́ kẹta ló tó lanu. "Bàbá sùn lálẹ́ àná. Oṣù mélòó kan ni kò ti sùn." Ó fún aṣọ kan gbẹ. "Mo bínú sí ọ gan-an ni, Olóhùn mi. Mo ṣì ń bínú díẹ̀."

"Èmi náà ń bínú sí ọ."

"Ṣé o ṣì máa jẹ́ orúkọ mi báyìí?"

"Na ọṣẹ yẹn sí mi ná," ni mo wí. Ó mọ̀ pé mo ti gbà.

Wọ́n dìbò. Ẹgbẹ́ kan wọlé. Ẹ má bi mí léèrè èwo, gọ́tà iwájú ọsibítù wa ò tíì ní ìdérí dòní.

A ṣègbéyàwó ní Ọjọ́bọ̀ kan, nítorí ọjọ́ Ẹtì jẹ́ ọjọ́ ẹ̀rọ Alága, ó sì máa ń rẹ̀ ẹ́ títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Èèyàn tó wá ò kún bẹ́ǹṣì márùn-ún. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá, ó fún ojú pọ̀ bí ẹni ń jẹ orógbó. Nígbà tí àlùfáà pe orúkọ mi, mi ò dáhùn. Ó tún pè é. Ọkọ mi fi ìgbọ̀nwọ́ tì mí: "Olóhùn, ìwọ ni wọ́n ń pè o." Ó ti pẹ́ tí ẹlòmíràn ti pe tèmi.

Bàbá mi wá. Kò sọ fún mi pé òun ń bọ̀. Ó wọlé nígbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí àyè kù sí níwájú ò sì ju ẹ̀gbẹ́ Alága lọ, lọ́tùn-ún àti lósì. Ó wo àyè náà, ó rò ó, ó wá jókòó ní ìhà òsì Alága, kí ojú tó fọ́ lè kọ sí àna rẹ̀, kó má bàa rí i. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí níbi tí mo dúró sí.

Láàárín ìwàásù, ikọ́ gbé Alága. Ó ń wúkọ́, kò dáwọ́ dúró. Bàbá mi ò yíjú. Ó fọwọ́ wá ìgò omi rẹ̀ nílẹ̀, ó ṣí i, ó sì rọra na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún níbi tí kò ti lè rí nǹkan kan. Ó na ọwọ́ náà títí ẹni tó ń wúkọ́ fi gbà á.

Mo bi í léèrè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pé ṣé ó ti dárí jì í ni.

"Mi ò rí ẹnì kankan níbẹ̀," ni bàbá mi wí. "Mo kàn gbọ́ tó ń wúkọ́ ni."